Orúkọ Tí Mo Fún Àwọn Ará Ṣíwèé

Nígbà tí mo ń kúrò ní Ìṣẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá máa lọ sí ìlú òkèèrè, ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ló yẹ kó lọ. Ta ló ń kó ẹrù lọ sí Bẹ̀nẹ̀, tó tún ń dágbére bí ẹni ń lọ sí Mẹ́kà? Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n, ilé kan náà ni, yàrá ni mo kàn fẹ́ pààrọ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ tán. Kí n tó mọ ojú ọ̀nà Adja-Ouèrè, ìlú ọkọ mi, dáadáa ni ibà dá mi gúnlẹ̀, mo bá gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì bi mí léèrè ní Faransé, mo fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó fi èdè Ègùn bi mí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló dìde láti bá wa túmọ̀. Ẹni ire ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ ga, gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló gbọ́ bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀. Mo gba oògùn mi, mo fi ìborùn bojú, mo sì fẹsẹ̀ rìn délé kí ẹnikẹ́ni má baà tún bi mí ní nǹkan.

Ọmọ bíbí Adja-Ouèrè ni Ràímì, ọkọ mi. Aṣọ òfì ló máa ń wá rà ní Ìṣẹ́yìn tí a fi pàdé, aṣọ náà ló sì ń gbé kiri àwọn ìlú Bẹ̀nẹ̀, Pobè, Kétou àti Àjàṣẹ́, títí di òní, nítorí náà ó ń rìn ju bó ṣe ń jókòó lọ. Àwọn tí mo ń bá gbé ní tòótọ́ ni ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá. Sìkírátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń ránṣọ níwájú ilé. Àti Ganíyù, àbúrò ọkọ mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zémì níbẹ̀.

Wọn kò fìyà jẹ mí o, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Oúnjẹ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù, bí mo bá sì wọlé, ẹnì kan á dìde fún mi lórí àga. Àga yẹn gan-an ló ń dùn mí. Àlejò ni à ń dìde fún. Ọdún yípo, wọ́n ṣì ń dìde fún mi. Bí mo bá dá sí ọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á gbọ́ mi tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì padà sí ọ̀rọ̀ wọn ní Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tiwọn, tó ń sáré kọjá létí mi kí n tó dì í mú. Ganíyù ní èmi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, pé ó máa ń ṣe òun bíi kí òun dín ohùn mi kù.

Ní Ìṣẹ́yìn, èmi ni mo ń tọ́jú yàrá ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ní Adja-Ouèrè, epo pupa ni mo ń bá Ìyá ṣe. A ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ sí oko àwọn ará Tatonnonkon láti ra ìdì ẹyìn, a ó sè é, a ó gún un, a ó fún un, ọwọ́ mi á pọ́n títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá wá ṣí ìwé ní ìrọ̀lẹ́, àmì ìka mi á hàn lójú ewé. Báàgì kan péré ni mo fi kó ìwé wá láti ilé. Mo kà wọ́n tán, mo tún wọn kà, títí mo fi mọ ẹni tó máa kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ayọ̀ díẹ̀díẹ̀ náà wà. Ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè kan, oníbàárà kan láti Kùtọnu fẹ́ fi Faransé rẹ́ Ìyá jẹ lórí kẹ́ẹ̀gì epo. Mo da Faransé tí mo ti ń kọ́ lọ́dọ̀ Ganíyù bò ó. Faransé náà ń tiro, ṣùgbọ́n ó débi tó ń lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì san owó tó yẹ. Ìyá kò sọ nǹkan kan lójú mi. Nígbà tí a délé ni mo gbọ́ tó ń sín mi jẹ fún Sìkírátù lẹ́yìn ilé, tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú mi dùn. Ó sì dùn mí pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín náà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mo ń jẹun, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń ṣe ọ́ dáadáa?"

"Wọ́n ń ṣe mí dáadáa."

"Kí ló wá ṣe ohùn ẹ?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màámi."

Á wá ní, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni o." Èmi náà á ní mo gbọ́. Lẹ́yìn náà màá jókòó ti fóònù, màá máa rò ó pé bí mo bá padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́la, ta ni yóò mọ̀ pé mo lọ? Ọkọ mi á sunkún, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù, mo rò pé wọ́n á kàn gbé àga mi wọlé ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìkàwé ló fi mí sí Ṣíwèé. Àwùjọ àwọn òǹkàwé ni, lórí Wọ́sáàpù, àwọn èèyàn láti Ìbàdàn, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Àjàṣẹ́, títí dé àwọn tó wà nílùú òyìnbó. Òfin wọn kò pọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹni tó bá ní ìwé tó fẹ́ kí àwọn yòókù kà, á fi ohùn ara rẹ̀ ka ojú ewé àkọ́kọ́, á sọ irú ẹni tí ìwé náà á bá lára mu, á sì sọ irú ẹni tó yẹ kó sá fún un. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú máa wí tẹnu rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń yan ẹran nínú abọ́ ọbẹ̀ náà ló ṣe ń yan ìwé. Ọlọ́pàá obìnrin kan wà ní Ìlọrin tí kì í ka nǹkan mìíràn àfi ìwé ìfẹ́, tó ní òun ti rí ìwà ọ̀daràn tó lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn, tó ga nínú àwòrán rẹ̀, sọ pé ìwé tí kò lè dá ilẹ̀kùn dúró nínú afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìwé. Obìnrin kan ní Àjàṣẹ́ kì í ka ìwé kankan dé òpin, síbẹ̀ òun ló ń jà jù lórí bó ṣe yẹ kí ìwé parí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ní ohùn tó dùn jù. Bó bá ka ojú ewé kan fún wa, ìwé tí kò dára pàápàá á dára. Wọ́n bi èmi náà léèrè irú ìwé tí mo fẹ́ràn. Mo ní èyí tí àwọn èèyàn ti ń jà, tí wọ́n sì tún ń gbé inú ilé kan náà lọ. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Àwàdà ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọlé, ọ̀rẹ́ mi sọ fún wọn pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí nílùú àjèjì, wọ́n bá ń pè mí ní "ìyàwó wa." Mo ní bí mo bá jẹ́ ìyàwó yín, a jẹ́ pé mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ yín nìyẹn. Àṣà wa ni, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á wá orúkọ tó dùn fún un, èyí ni á sì máa pè é títí ayé. Ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti àwọn ojúgbà mi ní Ìṣẹ́yìn ti fi í sílẹ̀, "àǹtí" àti "bùọ̀dá" la ń pè. Nínú Ṣíwèé ni mo ti dán an wò. Mo pe ọlọ́pàá ní Ìdílẹ̀kẹ̀, mo pe ọmọkùnrin gíga ní Agùntáṣọọ́lò, mo pe obìnrin Àjàṣẹ́ ní Má-kà-á-tán, mo pe tíṣà ní Olóhùn-Iyọ̀. Inú wọn dùn débi pé orúkọ náà ni wọ́n wá ń jẹ́ láàárín ara wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, mo láwọn ará.

Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, ìyẹn ni mo ṣe máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Sìkírátù á dákẹ́. Mi ò kà á sí.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, ohùn Olóhùn-Iyọ̀ jáde lórí fóònù mi: "Ìyàwó wa, bí mo ṣe ka ìwé yìí tán, ìwọ ni mo rò kàn." Èmi náà tẹ fóònù, mo ní, "Olóhùn-Iyọ̀, ẹ ṣé o, ẹ̀yin kì í gbàgbé mi." Bí mo ṣe gbójú sókè, Ìyá ló dúró lẹ́yìn mi, apẹ̀rẹ̀ ẹyìn lórí.

"Ta ni Olóhùn-Iyọ̀?"

"Bàbá àgbàlagbà kan ni, Ìyá. A jọ ń ka ìwé ni."

"Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Òun nìkan ni?"

"Rárá, Ìyá. Wọ́n pọ̀."

Ó mi orí, ó wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo sè. Lọ́jọ́ kejì ó dá lọ sí Tatonnonkon, kò pè mí. Ganíyù ló wá bá mi ní ẹ̀yìn ilé, tó ń bu omi sí alùpùpù rẹ̀ lára.

"Ìyàwó, kí lo ṣe? Ìyá ti ní kí n lọ gbé Bàbá Kpoulou wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Ó ti pe ọkọ ẹ náà lórí pọ́tábù, ó ní kó máa bọ̀ láti Kétou."

Bàbá Kpoulou ni àbúrò bàbá ọkọ mi. Kpoulou ló ti ń dáko, òun sì ni olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Wọn kì í pè é nítorí ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí mo rò ni ohun tí ẹnikẹ́ni máa rò: wọ́n ti gbà pé mo ní ọkùnrin níta. Mo rò ó pé wọ́n á dá mi padà fún Màámi pẹ̀lú báàgì ìwé mi. Ẹ wo bí ọkàn èèyàn ṣe rí: ilé tí mo ti ń rò bí màá ṣe kúrò nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà tí mo rò pé wọ́n máa lé mi ni mo mọ̀ pé mi ò fẹ́ lọ. Mo mú fóònù, mo fẹ́ jáde nínú Ṣíwèé kí wọ́n tó dé. Ìka mi wà lórí ibẹ̀, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ pàdánù ìyẹn náà.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, a jókòó ní pálọ̀. Ràímì kò wo ojú mi. Bàbá Kpoulou gba omi mu, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ohùn Olóhùn-Iyọ̀ kún pálọ̀. Ó ń ṣàlàyé ìwé kan nípa awakọ̀ ojú omi kan tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó ní ìwé náà dára fún ẹni tó ní sùúrù, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ jù, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ mú agbòòrùn. Bàbá Kpoulou rẹ́rìn-ín. Má-kà-á-tán gba ọ̀rọ̀, ó ní kí awakọ̀ náà kú sómi kí gbogbo wa sinmi. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní ìyàwó awakọ̀ ńkọ́, ṣé kò ní ìyàwó ni? Wọ́n ń jà lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tún ní kí n tẹ ìkan sí i, ó tún ní kí n tẹ ìkan sí i.

Níkẹyìn ó na ẹsẹ̀. "Ìwé ni wọ́n ń kà. Mo ti gbọ́, ọkọ rẹ̀ náà ti gbọ́. Kò sí ẹjọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ràímì mí kanlẹ̀. Èmi náà fẹ́ dúpẹ́.

"Kò tíì parí," Ìyá wí. "Ta ló sọ fún yín pé mo ní ó ń yan àlè? Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ̀ pé ìwé ni. Láti ìgbà tó ti ń jókòó lábẹ́ máńgòrò ni Sìkírátù ti ń sọ fún mi, ìwé ni, ìwé ni. Dakọ́ọ̀, mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé, ìgbà wo ni a gbé e wá sí ilé yìí?" Ó yíjú sí mi. "O bá Sìkírátù níbí. Kí lò ń pè é? Àǹtí Sìkírátù. O bá Ganíyù níbí. Kí lò ń pè é? Bùọ̀dá Ganíyù. Mo ní bóyá ní Nàìjíríà wọn kì í ṣe é mọ́, mo ní kí n fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo wá gbọ́ tó ń pe ẹni tí kò rí rí ní Olóhùn-Iyọ̀, mo ní háà, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe! Àwa ni kò ṣe é fún. Ilé ibòmíràn ló ti ń ṣe ìyàwó."

Ó na ọwọ́ sí Sìkírátù.

"Kí o tó dé ni Sìkírátù ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìyàwó Ràímì máa sọ òun lórúkọ tó dùn. Wọ́n ń bi í. Á ní o ṣì ń rò ó. Ọjọ́ wo ni obìnrin máa fi ìyẹn dáhùn dà?"

Mo wo ibi tí Sìkírátù jókòó sí, àga rẹ̀ ti ṣófo. Kíá ni a gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń dún níwájú ilé, tó ń sáré bí ẹni tí aṣọ ọdún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti ń ro wọ́n sí ẹni tí kò fẹ́ mi nínú ilé, àwọn náà sì ń retí pé kí n wọlé. Wọ́n ń fún mi ní àyè, mo pè é ní ìtakété. Èmi náà ń bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n pè é ní ìkórìíra. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyá jẹ́ kí n sunkún mi tẹ́rùn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ganíyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, ẹ̀rín sì ti ń jà níbi eyín rẹ̀ tó funfun.

"Eyínfúnjowó," mo pè é.

Ó fò sókè. Ó ní òun á kọ ọ́ sẹ́yìn alùpùpù òun, kí gbogbo Ikpinlè rí i.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn ará Ṣíwèé nírọ̀lẹ́. Olóhùn-Iyọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní kí n bá òun bẹ ìyá ọkọ mi, pé òun ti jẹ ohun tí kì í ṣe tòun, òun sì dá orúkọ náà padà. Agùntáṣọọ́lò ní òun náà dá a padà. Ìdílẹ̀kẹ̀ náà wí bẹ́ẹ̀, ó ní kí n máa pe òun ní Sájẹ́ǹtì. Má-kà-á-tán ní òun ò dá tòun padà o, àmọ́ òun ń tọrọ àforíjì. Mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dùn mí bí ẹni ń kó ẹrù jáde nínú yàrá.

Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sẹ́nu bí ẹni fẹ́ mu omi.

"Ẹ̀yin ará Ṣíwèé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ni ìyá ọkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá nǹkan kan padà. Orúkọ kì í tán lẹ́nu ìyàwó. Ẹ máa yá a ní ìwé, àmọ́ àwa ò yá yín ní ìyàwó o. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tó wà lójú omi yẹn, kí ló ń jẹ? Láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò gbọ́ pé ó jẹun. Ìwé tí èèyàn ò ti jẹun, irọ́ ni."

Wọ́n jà lórí oúnjẹ awakọ̀ yẹn títí di ọjọ́ kejì.

Ní àárọ̀, mo lọ bá Sìkírátù nídìí ẹ̀rọ. Kò gbójú sókè. Oòrùn àárọ̀ ti yọ, ó bà á ní ọrùn àti ní apá, ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán.

"Má fipá wá a," ó ní. "Bí kò bá sí, kò sí. Mo ti dàgbà kọjá rẹ̀."

"Adúmáadán," mo wí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó já òwú, ó wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló sọ̀rọ̀.

"Tún un pè."

"Adúmáadán."

Kò dáhùn. Ó dìde, ó fi ọwọ́ tẹ́ ìró rẹ̀ dáadáa, ó jáde sí ojú ọ̀nà níbi tí obìnrin òdìkejì ti ń to ìgò bẹntiróòlù rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìyá Mọ́rúfù! Ẹ fi ìgò yẹn sílẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó wa ń pè mí."

Ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró. Mo tún un pè, sókè dáadáa, kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì dá mi lóhùn.